Ọkùnrin Pápá Iyọ̀ Tí Kò Lè Jókòó

Ẹnu ìyá Bong Pil-lye ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì jókòó tí à ń tẹ́ ewé òkun sórí ẹní kó lè gbẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà fúnra rẹ̀, mo sì bi ọkọ rẹ̀ léèrè àwọn ibi tó rú mi lójú. Àwọn ibì kan ò tíì yé mi títí di òní. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà níbẹ̀; ìyókù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù karùn-ún, ní ọdún tí iná mànàmáná kọ́kọ́ wọ erékùṣù wa, Yun-deok, ọmọ ìyá Bong yìí, ń gba orí odi pápá iyọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ru ìkòkò ọbẹ̀ ewé òkun. Agogo àkọ́kọ́ ti dún. Ó gbójú sókè, ó sì rí ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ omi.

Kẹ̀kẹ́ yẹn la fi ń gbé omi òkun wọ inú pápá. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ á máa tẹ àwọn pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, kẹ̀kẹ́ á máa yí, òun á sì wà lójú kan. Ọkùnrin náà ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Omi ń ta sókè lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára, ṣùgbọ́n ọ̀run ló tẹjú mọ́, ó ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Yun-deok wí, ó sì gé ètè jẹ. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn nílé pé a kì í kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa.

"Ẹ ṣeun. Ibo lẹ̀ ń gbé ọbẹ̀ yẹn lọ?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì. Ibo lẹ̀yin náà ń rìn lọ?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò dúró. "Mi ò tíì mọ̀. Láti aago márùn-ún ni mo ti wà lọ́nà."

"Ẹ kú ìrìn-àjò nígbà náà, Arìnmádé."

Ó yára lọ. Ọbẹ̀ dà sí i léjìká. Ní gbogbo àkókò ìjọsìn, ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn tí kò ní òkè ló ń rí. Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó tún ń rí i.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Maeng Chi-ho. Erékùṣù míì ló ti wá ṣiṣẹ́ ní pápá Ọ̀gá Ma. Yun-deok ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Alàgbà Tak, ọkọ ìyá Bong, ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Alàgbà ní pápá iyọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, á ṣí ojú omi, á jẹ́ kí gbogbo omi iyọ̀ tó ti ki ṣàn wọ inú kòtò tó wà lábẹ́ òrùlé, pápá á sì gbẹ títí di ọjọ́ Ajé. Tó bá lu agogo tán lọ́jọ́ kejì, á dúró lórí àtẹ̀gùn agogo, á wo àwọn tó wà ní pápá, kò sì ní gbàgbé ẹnì kan.

Kò pẹ́ tí Yun-deok fi ń rí ìdí tó fi yẹ kó gba orí odi kọjá, lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́jọ́ gbogbo. Wọn ò bá ara wọn sọ "ẹ" mọ́. Ní ọ̀sán kan, Chi-ho na ọwọ́ sí i, ó ṣí i, iyọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì wà níbẹ̀, ó tinrin, ó ń tàn.

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Tọ́ ọ wò."

"Ó níyọ̀."

"Ọmọ alàgbà, o gbọ́n o. Òun ló kọ́kọ́ dì nínú pápá lónìí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Yun-deok fi aṣọ ìnujú dì í lọ sílé, bí ẹni gbé ẹyin.

"Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì," ni Yun-deok máa ń wí fún un.

"Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ orin jù ọ́ lọ."

"Kí ló wá dé?"

"Oòrùn ò mọ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá Ma náà ò mọ̀ ọ́n."

Yun-deok gbà á gbọ́ títí Ọjọ́ Ìsinmi kan fi dé tí òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Kò sí iṣẹ́ ní pápá kankan. Ọ̀gá Ma fúnra rẹ̀ ń sùn. Síbẹ̀ Chi-ho ò wá. Nígbà tí Yun-deok kọjá, ó bá a nínú ilé iyọ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá rú u lójú. Tí kì í bá ṣe oòrùn, tí kì í bá ṣe ọ̀gá, kí ni?

"Chi-ho, jókòó."

"Mo ń gbálẹ̀."

"O ti gbá a. Jókòó, kí o sọ fún mi."

Kò jókòó. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni wọ́n ní kó máa wo ọ̀run lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí omi iyọ̀ wà ní pápá. Ó jẹun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, oorun gbé e lọ. Òjò dé. Bàbá rẹ̀ kò jí i, òun nìkan ló sáré jáde lọ da omi sí kòtò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí odi, ó forí gbá òkúta. Ọjọ́ kẹta ló kú.

"Láti ìgbà yẹn, tí mo bá jókòó, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já," ni Chi-ho wí. "Ọlọ́run ní kí n sinmi. Mo sinmi. Bàbá mi kú. Ìwọ tó o ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Yun-deok sunkún díẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ kejì, ó bá a gbá ilẹ̀ tó mọ́ yẹn.

Alàgbà Tak rí iyọ̀ nínú aṣọ ìnujú. Kò pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ṣé ọmọ pápá Ma yẹn ni?"

"Òun ni, Bàbá. Ó fẹ́ fẹ́ mi. Èmi náà fẹ́ ẹ."

"Ẹni tí kò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí ló máa fi sílẹ̀ fún ọ?"

"Kì í ṣe agídí ló ń ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ẹni tí ẹ̀rù bà, ibo ló yẹ kó sá lọ tí kì í bá ṣe ilé Ọlọ́run? Mi ò ní fi ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tán."

Yun-deok wọ inú ilé ìdáná lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ní ìyẹ̀fun láti pò fún oúnjẹ gbogbo ìjọ lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ìsinmi. Bó ṣe ń pò ó, ó ń rò ó pé àwa tí a ń pa ọjọ́ náà mọ́, aago mẹ́rin ìdájí la máa jí sí i, ìrọ̀lẹ́ la máa fọ abọ́ tán. Ta ló ń sinmi nínú wa? Ó bẹ̀rù èrò náà, ó sì gbé e mì.

Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n pe Alàgbà síbi òkú ní abúlé òdìkejì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Nígbà tó máa fi dé, ọjọ́ Olúwa ti wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá wà ní pápá rẹ̀, omi iyọ̀ tó ti ki bí oyin, kò sì fọwọ́ kàn án.

Pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Gbogbo wa rí i lójú fèrèsé. Ojú gbogbo ènìyàn lọ sọ́dọ̀ Alàgbà. Ó jókòó gan-an bí òpó. Nígbà náà la rí ẹnì kan tó fò sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ pápá Ma, tó sáré wọ pápá Alàgbà, tó ń ṣí ojú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbá omi iyọ̀ sí kòtò. Òjò balẹ̀ bó ṣe pa òrùlé dé.

Ìdúpẹ́ la rò pé ó máa kángun sí. Nígbà tí ìjọsìn parí, Alàgbà rìn nínú òjò pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ dé ibi kòtò. Chi-ho dúró níbẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ dé itan rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mo rí i pé òjò ń bọ̀."

"Mi ò ní ta iyọ̀ tí wọ́n fi ọjọ́ Olúwa ṣe."

Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa igi tó dí ìsàlẹ̀ kòtò. Kò tètè yọ. Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ síta. Igi yọ, omi iyọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá sì ṣàn lọ sínú òkun. Yun-deok dúró láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ ẹni tí òun máa bínú sí, kò mọ ẹni tí òun máa káàánú.

Ìyá Bong ló sọ̀rọ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í jáde ní gbangba.

"Bàbá Yun-deok, iṣẹ́ lẹ ṣe yẹn o."

Alàgbà wo ọwọ́ rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ kún un.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá Bong wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí agogo tó dún, ó jókòó sí ìlà iwájú. Àwọn obìnrin wá ń sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Ìyá, oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò ìyẹ̀fun."

"Ta ló máa sè é?"

"Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbọ́ ìwàásù láti ẹ̀yìn ògiri. Lónìí mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń parí."

Lákòókò yẹn gan-an, Yun-deok wà nídìí kẹ̀kẹ́ omi.

"Chi-ho, sọ̀kalẹ̀. Wá, kí a lọ."

"Bàbá rẹ ò fẹ́ rí mi."

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ń pè ọ́ lọ."

"Omi wà ní pápá. Ta ló máa wo ọ̀run?"

"Èmi ni. Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò ní gbójú kúrò. Tó bá ṣú, màá pè ọ́, a ó jọ sáré."

"Tí o ò bá tètè rí i ńkọ́?"

"Iyọ̀ á bàjẹ́, Ọ̀gá Ma á bú wa. Ó ti ń bú ọ tẹ́lẹ̀, kò sì tíì pa ọ́. Wá, olólùfẹ́ mi. O ti rìn tó."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọra dúró. Ó pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Yun-deok sọ fún mi pé òun rò pé ó máa ṣubú.

Wọ́n pẹ́ dé. Chi-ho jókòó sẹ́yìn lápá àwọn ọkùnrin, Yun-deok lápá àwọn obìnrin, ó kọjú sí fèrèsé, kò wo pásítọ̀ rárá. Ní ìgbà díẹ̀ díẹ̀, Chi-ho á wò ó, òun á mi orí. Kò sí òjò. Chi-ho kọ orin, ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Á tún wò ó, òun á tún mi orí. Nígbà tí ìwàásù dé àárín, kò wò ó mọ́. Ó ti sùn. Ó ń hanrun.

Ní ìjọ wa, Alàgbà ni í jí ẹni tó bá sùn. Ó dìde, ó wá, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà, iyọ̀ ti jẹ ẹ́ funfun, ó sì ti sán. Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó rí bó ṣe tẹjú mọ́ ọ̀run fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ojú gbogbo wa sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti ẹni tó ń sùn.

A gba àdúrà ìparí, a jẹ ọ̀dùnkún tútù, a lọ sílé. Àwọn mẹ́ta ló kù. Ọ̀sán ti lọ dáadáa kí Chi-ho tó fò sókè.

"Òjò ńkọ́?"

"Kò sí òjò," ni Alàgbà wí.

"Ẹ máà bínú, sà. Mo sùn."

"Mo rí i."

"Ṣé ìjọsìn ti parí?"

Alàgbà ronú. "Ó ti parí. Àbí kò tíì parí. Mi ò mọ̀ mọ́." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ mi ń wá ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta."

"Sà, ṣé ẹsẹ̀ mi nìkan lẹ fẹ́?"

"Èyí tó kù, bi obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Láti òwúrọ̀ ni ọrùn ti ń dùn ún nítorí rẹ."

Yun-deok kò yí ojú kúrò níbi fèrèsé. "Mo gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun."

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní oṣù kọkànlá, ìyá Bong sì jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí oòrùn ọdún tuntun mú kí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta kan dé tí ìkùukùu kóra jọ lápá ìwọ̀ oòrùn. Chi-ho ti da omi sí kòtò láti ibi méje, ó ku ẹyọ kan. Agogo ìrọ̀lẹ́ tó ń ké pé ọjọ́ Olúwa ń wọlé dún. Yun-deok wà lórí odi, oyún inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

"Ó ku díẹ̀," ni Chi-ho wí.

"Lójoojúmọ́ ló máa ń ku díẹ̀."

Ó wo omi náà. Ó wo ìkùukùu. Mo bi í nígbà tó yá bóyá ẹ̀rù náà ti lọ ní ọjọ́ yẹn. Ó ní rárá, pé àyà òun ń já láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ó fi igi tó fi ń wọ́ iyọ̀ lélẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gun orí odi. Ó gba ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ. Ààrá sán lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn wọn. Kò wẹ̀yìn.