Bí Sabri Ṣe Kọ́ Láti Já Ọ̀gá Rẹ̀ Nírọ́

Àárọ̀ ọjọ́ tí Sabri gbọ́ pé wọ́n ti mú òun fún ẹ̀kọ́ awakọ̀ ojú irin, ìyá rẹ̀ kò dúró kí ẹ̀wà orí iná jinná tán kó tó bọ́ sí àdúgbò. Ilé wọn kò jìnnà sí afárá irin ní ìlú Kafr al-Zayyat, níbi tí ife orí tábìlì ti máa ń gbọ̀n nígbàkigbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, kò sì sí ẹni tí kò mọ Ìyá Sabri ní òpópó náà. Kí oòrùn tó mú, ó ti po omi dídùn pupa, ó sì ń bù ú fún gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kí wọn kú oríire.

Alhaji Metwalli, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, mu ife méjì. Ó ní kí Sabri má ṣèyọnu kankan.

"Kí ló wà nínú iṣẹ́ yẹn gan-an? Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣáà ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Tìẹ, irin ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìwọ ṣáà jókòó, kó o máa fọn fèrè."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sabri náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á gbọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ló rò ó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe ọkọ̀, dókítà ni. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò lókèèrè àti nítòsí, wọ́n wò ó bóyá ó mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Wọ́n yẹ etí wò, wọ́n yẹ ọkàn wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń lo oògùn olóró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ kan tó ń ṣe ohun kan náà léraléra, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ á lọ ibòmíràn tí nǹkan bá sú u. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wá padà sílé lọ́jọ́ náà, nítorí ojú rẹ̀ kò mọ pupa yàtọ̀ sí gíríìnì, láti kékeré ni kò sì ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ojú òun rí. Àánú rẹ̀ ṣe Sabri gidi.

Lẹ́yìn ìyẹn, kíláàsì ni. Sabri ti rò pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé òun á ti di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú. Oṣù mélòó kan ló fi jókòó tó ń kọ́ òfin. Kí ni iná yìí ń sọ? Kí ni èèyàn ń ṣe tí iná bá kú? Tí màlúù bá dúró lójú irin ńkọ́? Wọ́n kọ́ wọn pé ọkọ̀ tó kún fún èrò, bí a bá tẹ bíréèkì rẹ̀, á ṣì sáré kọjá odidi abúlé kan kó tó dúró. Nítorí náà, awakọ̀ kò lè dúró dìgbà tó bá fojú rí ewu. Iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń sọ ohun tó wà níwájú fún un, kó tó débẹ̀.

Wọ́n tún gbé wọn wọ yàrá kan tí wọ́n ṣe bí orí ẹ́ńjìnnì, tí àwòrán ojú irin ń sáré bọ̀ níwájú gíláàsì rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sabri fi ọkọ̀ àwòrán náà kọlu ọkọ̀ ẹrù. Ojú tì í. Olùkọ́ wọn ní kó fọkàn balẹ̀, pé ó sàn kó pa èrò inú àwòrán níbẹ̀ ju kó pa èèyàn lójú irin gidi lọ.

Ìgbà tí gbogbo èyí parí ni wọ́n tó fà á lé Ọ̀gá Gaber lọ́wọ́. Ọ̀gá Gaber ti ń wa ọkọ̀ lójú irin Alẹkisáńdíríà kí wọ́n tó bí Sabri. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun po tíì.

Lórí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, àwọn méjì ló ń jókòó, iṣẹ́ ẹnu kan sì wà tí wọn kì í fi ṣeré. Bí iná bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á pe àwọ̀ rẹ̀ sókè. Ẹnì kejì á fi ojú ara rẹ̀ wò ó, á sì pe ohun tí òun náà rí. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣọ̀kan, wọ́n á ṣe ohun tí iná náà wí. Bí kò bá ṣọ̀kan, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró.

Sabri fẹ́ràn ìpè yìí púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ni èsì. Bí àgbà bá ní tíì inú ife ti tó, ó ti tó nìyẹn, kódà kí ife ṣófo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ Tanta, Ọ̀gá Gaber pe "Gíríìnì." Sabri tẹ̀ síwájú, ó ń wo aago tó ń fi agbára bíréèkì hàn. Kò tíì gbórí sókè tí ẹnu rẹ̀ fi dáhùn pé, "Gíríìnì, ọ̀gá." Ọ̀gá Gaber na ọwọ́ sí bíréèkì, ọkọ̀ sì rọra ń fà títí wọ́n fi wọ ibùdókọ̀.

"Sabri, àwọ̀ wo lo rí?"

"Gíríìnì ni, ọ̀gá."

"Yẹ́lò ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ẹ ni. Mo tún bi ẹ́, àwọ̀ wo lo rí?"

Sabri wo ilẹ̀. "Mi ò wò ó, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ pè é."

"Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ débí nìyẹn," ni Ọ̀gá Gaber wí. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun fúnra òun lòun máa lọ sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà dun Sabri débi pé kò lè jẹun alẹ́. Nígbà tó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, inú bí obìnrin náà.

"Ta ni wọ́n ní kó o máa já nírọ́? Ọkùnrin tó tó bàbá ẹ bí? Ṣé ohun tí mo rán ẹ lọ kọ́ níbẹ̀ nìyẹn?"

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó yan fatíírì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóròóró, ó fi oyin àti wàràkàṣì sí i, ó gbé e ru Sabri, ó di ilé Ọ̀gá Gaber. Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá Gaber gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó jẹun, ó yin oúnjẹ náà dáadáa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Sabri, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá tún dá mi lóhùn láìwò, màá lé e."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ọ̀gá. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa jókòó tì yín, kó máa ní irọ́ lẹ̀ ń pa ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ojú òun ti ń darúgbó. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí oorun kò ní tó. Ìkùukùu wà nígbà òtútù, oòrùn wà nígbà ooru, ọkàn èèyàn sì lè wà lọ́dọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹnì kan tó, ẹnì kan ni wọn ì bá fi síbẹ̀.

"Àwọn èrò ẹ̀yìn wa kò mọ̀ mí, wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń sùn, wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú, wọ́n ń bó ẹ̀pà jẹ. Ojú mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé tí wọ́n fi wọkọ̀, ọmọ yín sì ń yọ méjì kúrò níbẹ̀. Nílẹ̀, kó bọ̀wọ̀ fún mi, kó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Lókè yẹn, ojú rẹ̀ ni kó fi bọ̀wọ̀ fún mi."

Ìyá Sabri wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ọ̀gá Gaber, ó sì béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ọ̀gá Gaber rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ tú díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tó ti dì mọ́ ọmọ náà lára.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Sabri ti bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ nínú ilé. Á mú tòmátò dání, á ní, "Kùkúḿbà yìí mà tutù o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Á fi aṣọ ìnuwọ́ na èjìká rẹ̀. "Kí ni mo mú dání?"

"Tòmátò ni."

"Ó dáa, sọ fún mi pé irọ́ ni mo pa."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Wàá sọ ọ́ ni, àbí o ò ní jẹun."

Ó nira fún Sabri ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ahọ́n rẹ̀ wúwo. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ tó ń ní "Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀" láti àárọ̀ dalẹ́ rò pé ọmọ náà ti bàjẹ́. Alhaji Metwalli wá bá wọn parí ìjà, ó sì ṣèèṣì kí wọn "ẹ káàsán" nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Kó tó jókòó, Sabri ti sọ fún un pé àárọ̀ ni.

Ọjọ́ ìdánwò ìwakọ̀ pé. Sabri ló jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì, Ọ̀gá Gaber wà ní ìjókòó kejì, Ẹnjiníà Sawsan tó ń dán wọn wò sì dúró lẹ́yìn wọn. Bí Sabri bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, kò ní padà sórí ẹ́ńjìnnì mọ́, gbogbo ohun tó ti kọ́ di òfo nìyẹn. Láti Tanta ni wọ́n ti gbéra. Ó ń rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí irin tó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ọkọ̀ má bàa rò pé awakọ̀ ti sùn kó sì dúró fúnra rẹ̀. Ó ń fọn fèrè níbi tó yẹ, ó ń pe iná, Ọ̀gá Gaber náà ń pè é.

Nígbà tí wọ́n kọjá Itay al-Barud, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti kojú sí gíláàsì iwájú. Iná kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi ọ̀pẹ dábínù. Ọ̀gá Gaber ló kọ́kọ́ pè é.

"Gíríìnì."

Sabri wò ó. Ìtànṣán oòrùn bo ojú iná náà, gbogbo rẹ̀ ń tàn. Ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí òjìji òpó fèrèsé fi bò ó lójú, ó sì tún wò ó.

"Pupa, ọ̀gá."

"Gíríìnì ni, Sabri. Mo rí i kedere."

Ẹ̀rù ba Sabri nígbà yẹn, ká má parọ́. Ọkùnrin tó mọ ojú irin náà ju bí òun ṣe mọ yàrá ìyá òun lọ ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí òun bá dá ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́ dúró sáàárín oko lásán, ìdánwò wo ló kù? Ó tún wo iná náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọ̀gá, kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa ni."

Ó sì fa bíréèkì.

Ọkọ̀ ké, ó ń fà, ó ń fà. Ẹrù já bọ́ lẹ́yìn, àwọn èrò yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń bú awakọ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó dúró, iná náà wà níwájú wọn díẹ̀, òjìji ọ̀pẹ sì ti bò ó. Pupa ni. Ní kọ́nà tó wà níwájú rẹ̀, ní ibi tí ọ̀nà oko ti gba orí irin kọjá, katakata kan tó ru àlùbọ́sà ti há sójú irin. Àwọn àgbẹ̀ ń fi èjìká tì í, obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù náà.

Ẹnjiníà Sawsan mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá Gaber, ẹ dán an wò gan-an. Ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀gá Gaber ṣí fìlà rẹ̀. "Mi ò dán an wò rárá. Gíríìnì ni mo rí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo ṣì í wò, ọmọ yìí ló gbà wá sílẹ̀."

Bí Sabri ṣe yege nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún, kò sì bojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Gaber fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá dókítà ojú, kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán an. Wọ́n ṣe awò fún un, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ti Ìyá Sabri, láti òpópó dé òpópó ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ níwájú ẹnjiníà, kò sì sí ìyá tí inú rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ní Kafr al-Zayyat.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò iṣẹ́ yìí, ẹ má retí pé wọ́n á gbé ọkọ̀ lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ múra sílẹ̀ fún dókítà, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un nípa ojú yín, oorun yín àti oògùn tí ẹ̀ ń lò, títí kan èyí tí ẹ rà fún ọ̀fìnkìn. Ẹ fara balẹ̀ kọ́ òfin, bó ti wù kó sú yín tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé ẹ̀ ń jí kí àkùkọ tó kọ, pé ọdún Iléyá lè bá yín lójú irin. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn láti sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tó bá sì pe gíríìnì létí yín, bó ti wù kó dàgbà tó, ẹ fojú ara yín wò ó. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ dá ọkọ̀ dúró. Èrò tó ń bú yín nítorí ìdádúró á délé lálẹ́ ọjọ́ náà, á sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun.