Adájọ́ Inú Bọ́ọ̀sì Akóredé

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a kì í jẹun nínú ọkọ̀ yìí. Òfin ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ àkàrà rọra dì í padà. Báyìí ni Ràhámátù máa ń ṣe láràárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e láti Láfẹ́nwá lọ sí ilé-ìwé rẹ̀ ní Kuto. Akóredé awakọ̀ ló kọ òfin sára ilẹ̀kùn: kò sí oúnjẹ jíjẹ; ẹrù tó bá ń kán omi, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó wà. Ṣùgbọ́n Ràhámátù ló ń bá a ṣọ́ wọn, làwọn èrò bá sọ ọ́ ní Adájọ́. Ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ kò ṣe é bínú sí, nítorí ó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà kó tó bá wọn wí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló rú òfin. Àdìrẹ àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló fẹ́ fi han olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Àfúsá ìyá rẹ̀, tó ń rẹ aró, ti kìlọ̀ fún un pé: "Jẹ́ kó gba atẹ́gùn dáadáa. Ọjọ́ Ajé ni kí o gbé e lọ." Ara rẹ̀ ò gbà á. Ní kùtùkùtù, ó fa aṣọ náà yọ nínú ìkòkò aró, ó fún un, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì gbé e sórí itan bí ẹrù gbígbẹ.

Àárín Àlàájì Sàlàhúdíìnì, tó wọ jalàbíà funfun, àti Ìyá Kọ́ládé, tó gbé ẹ̀fọ́ dání, ló jókòó sí.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀fọ́ yìí ò tutù ṣá?"

"Adájọ́, mo ti gbọn omi rẹ̀ dànù nílé!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ọkọ̀ kó sí kòtò, Ràhámátù sì fọwọ́ tẹ ọ̀rá rẹ̀ lójijì.

"Ta ló da omi sí mi lára?" Àlàájì pariwo. Àbàwọ́n aláwọ̀ ewé ti wà lára jalàbíà rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Kọ́ládé. Akóredé dá ọkọ̀ dúró. "Màmá, omi ẹ̀fọ́ nìyẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Èmi kọ́ o! Ẹ̀fọ́ mi gbẹ!" ìyá náà wí.

Ràhámátù wo àbàwọ́n náà. Ọmọ aláró ni. Ó mọ̀ pé bí aró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Bó bá dákẹ́, ìyá á ti sọ̀ kalẹ̀ kí àwọ̀ náà tó yí. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ìtìjú ojú ìyá náà dùn ún wọra.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìjókòó. "Ẹ má sọ̀, mà. Aṣọ aró mi ló jò. Ẹ máa wò ó, ó máa di búlúù."

Wọ́n wò ó. Àbàwọ́n náà di búlúù lójú gbogbo wọn.

"Yéè! Adájọ́ dá ẹjọ́ ara rẹ̀!" Akóredé bú sẹ́rìn-ín, èrò ọkọ̀ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Aṣọ tí mo fẹ́ fi kírun Jímọ̀ nìyí o," Àlàájì wí.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi àti màmá mi á bá yín rẹ gbogbo rẹ̀ láró, kó lè dọ́gba."

Àlàájì kọ́kọ́ fajú ro, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. O ṣáà sọ òtítọ́."

Ràhámátù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Kọ́ládé. Ìyá náà fà á létí díẹ̀. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ mi. Òfin tí o bá fẹ́ kí ayé pa mọ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ pa á mọ́. Bí o bá sì ṣẹ̀, má jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀."

Ràhámátù dìde, ó sì gbé ọ̀rá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ọkọ̀.