Àwo Orin Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìtàn yìí dé ọwọ́ yín, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ orin.

"Má fọwọ́ kàn án o, Ìtẹ́olúwa. Gúlúù yẹn kò ní í gbẹ títí di ọ̀la."

Bàbá Philemon ló sọ bẹ́ẹ̀, bàbá àgbà tó tọ́ Ìtẹ́olúwa dàgbà ní Okitipupa. Giramafóònù àtijọ́ ló ń tún ṣe, pàápàá orí kékeré tí abẹ́rẹ́ máa ń wà lára rẹ̀. Rọ́bà tó di abẹ́rẹ́ mú ti gan nítorí ogbó, Bàbá sì ti lẹ tuntun sí i. Lọ́jọ́ Àìkú ni ìsìn ìrántí ọdún kan tí Ìyá Àgbà, aya Bàbá, ti sùn nínú Olúwa. Wọn yóò gbọ́ àwo orin kan ṣoṣo tó kù, èyí tí Ìyá Àgbà àti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Ìkọ̀yà ṣe nígbà èwe rẹ̀.

Bàbá lọ sí ìpàdé àdúrà. Kò pẹ́ tí Vivian, ọmọ kíláàsì Ìtẹ́olúwa, fi wọlé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọdún ti fẹ́ẹ̀ yípo, o ò tíì sunkún! Wọ́n ní òkúta ló wà láyà rẹ."

Ìtẹ́olúwa kò bínú. Kì í bínú mọ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín mọ́. Bí apá ẹni tó fi apá sùn ṣe máa ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ rí láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Bóyá tí mo bá gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà, ẹkún á wá," ó wí.

"Kí lo wá ń dúró dè? Gbé e sí i jàre! Gúlúù wo ni kò ní í ti gbẹ?"

Ìtẹ́olúwa gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ẹgbẹ́ akọrin gbé orin, Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọge. Lójijì, abẹ́rẹ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ya ojú àwo ṣááá!

"Yéè! Èmi ò wá síbí lónìí o!" Vivian ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìtẹ́olúwa dá gbogbo rẹ̀ padà sí ààyè rẹ̀. Omi kò sí lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dán àwo náà wò. Nígbà tó kan ibi tí Ìyá Àgbà ti dá orin, abẹ́rẹ́ há, ó sì fò. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

"Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo ba ohùn aya mi jẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páànù. "Iṣẹ́ yìí tán lọ́wọ́ mi."

Bí Ìtẹ́olúwa bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ yín. Èmi ni. Mo gbé e sí i kí gúlúù tó gbẹ."

Bàbá gbé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mo lè tún orí abẹ́rẹ́ ṣe, ọmọ mi. Ojú àwo tó ti ya, n kò lè tún un ṣe." Ó ṣí páànù padà. "Wá di rọ́bà yìí mú. Lọ́tẹ̀ yìí, a ó jọ dúró kí gúlúù gbẹ ni."

Lọ́jọ́ Àìkú, àwo náà kọrin nínú ilé ìsìn. Nígbà tó dé ibi tó ya, Bàbá gbé abẹ́rẹ́ sókè.  Ìtẹ́olúwa tẹ́tí sí ibi tó yẹ kí ohùn náà wà, kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ níwájú ibi tó ya, ẹgbẹ́ akọrin inú àwo sì gbé orin náà, láìsí Ìyá Àgbà. Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú Ìtẹ́olúwa, ẹyọ kan péré.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú lè gba ohun tí ẹkún kò lè dá padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi yín.

Kí Olúwa fún yín ní sùúrù, kí ó sì jí gbogbo ọkàn tó ti kú tipiri nínú yín sí ayọ̀. Àmín.