Àlejò Ló Bo Ojú Ọmọ Náà

Ojú ni Misturat kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà, ojú nìkan. Imú, ẹnu àti àgbọ̀n rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòmú, nítorí ìgbà àrùn kòrónà ni, kò sì sẹ́ni tó lè wọ bàálù láìbo imú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú yìí tóbi, ó tutù, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó wà lórí itan Misturat.

"Kí lorúkọ ẹ, ìyáà mi?" ọkùnrin náà bi ọmọ náà bó ṣe ń jókòó tì wọ́n.

"Dúrójayé ni," Misturat bá a dáhùn. "Dúró là ń pè é. Kò tíì máa sọ̀rọ̀."

"Ọ̀ṣẹ́nì lorúkọ tèmi. Ará Ìgànná ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe n'Ísẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ nọ́ọ̀sì ọkùnrin ló máa ń rẹ́rìn-ín."

Misturat rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé òun ṣì lè rẹ́rìn-ín. Àdìjátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin l'Ábújá, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́ rárá. Àdìjátù ló bí Dúró. Bàbá ọmọ náà ti gba ọ̀nà Líbíà lọ kí wọ́n tó bí i, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Misturat wá ń gbé ọmọ náà lọ sílé ní Ṣakí, lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Wọn kò tíì gbéra tí ọmọge tó ń tọ́jú èrò inú bàálù fi dúró lórí wọn, tó na ìbòmú kékeré kan sí Misturat.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ti lé lọ́dún méjì. Òfin ni kó lo ìbòmú."

"Kò lè lò ó," ni Misturat sọ.

"Bí kò bá lò ó, wọ́n máa sọ̀ yín kalẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo èrò. Obìnrin kan tó wà níwájú ké pé, "Ọmọ ọdún méjì! Èmi àgbà gan-an ń mí hẹlẹ nínú èyí tí mo wọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn. "Ìyàwó mi ni àrùn yìí gbé lọ," ó ní. "Ọmọ ọmọ wa ló ń wúkọ́ kó tó kó o. Ẹ fi nǹkan sí i lójú, ẹ dákun."

Ọ̀ṣẹ́nì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Misturat. "Kí n má parọ́, kò dá mi lójú pé ìbòmú ń ṣe ọmọ tó kéré báyìí láǹfààní tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ní pa á. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fẹ́?"

Misturat sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ méjì ni Àdìjátù ti bí ṣáájú Dúró. Àwọn méjèèjì kú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn, ará ilé ló sì fi aṣọ funfun bò wọ́n lójú. Nígbà tí Dúró dé, ìyá wọn, ìyá àgbà ọmọ náà, sọ ọ́ di èèwọ̀: ará ilé kankan kò gbọdọ̀ fi aṣọ bo ojú ọmọ yìí títí yóò fi pààrọ̀ eyín. Ì báà ṣe ìborùn, ì báà ṣe aṣọ ìbora, kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn. Bí àbíkú bá rí i pé ará ilé òun ti bo òun lójú, yóò rò pé wọ́n ti yọ̀ǹda òun ni, yóò sì máa lọ.

Ọ̀ṣẹ́nì kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń wo ọmọ náà. Ibẹ̀ ni Misturat ti ro èrò tó dà bí ọgbọ́n lójú rẹ̀.

"Ẹ bá mi fi sí i lójú."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ kì í ṣe ará ilé wa."

Ọ̀ṣẹ́nì gba ìbòmú náà, ó sì fi okùn rẹ̀ há Dúró létí wẹ́rẹ́. Ọmọ tó ti ń sunkún láti àárọ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Lẹ́yìn náà, Misturat gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ ìbòmú náà, irú ẹ̀rín tí ọmọ máa ń rín bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ bá ń rìn ín ní ìgigìrì. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Misturat di ọwọ́ ọmọ náà mú, ọwọ́ náà tutù nini.

Nígbà tí bàálù balẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, Ọ̀ṣẹ́nì yọ ìbòmú láti kí wọn pé ó dàbọ̀.

"Àṣé ẹ ní irùngbọ̀n!" ni Misturat wí.

"Ṣé kò dáa ni? Mo lè fá a lónìí."

"Ẹ fi sílẹ̀. N ò ní kò dáa."

Ó fi í sílẹ̀, ó sì ń gbé e wá sí Ṣakí. Ó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe. Nígbà tó yá, kò wá àwáwí mọ́. Yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ àpáta lẹ́yìn ilé wọn, Misturat yóò máa gé iṣu gbígbẹ, òun yóò máa jí i jẹ.

"Olè," ni Misturat máa ń pè é.

"Iṣu kọ́ ni mo wá jí, adúmáradán mi."

Misturat fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí ó fi ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà ń bà á lẹ́rù, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Ọ̀ṣẹ́nì bá ti wá, lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan tí gbogbo àdúgbò bá pa rọ́rọ́, Dúró yóò fa aṣọ kan bo ara rẹ̀ lójú, yóò kọjú sí ògiri, yóò sì máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Misturat yóò yára ṣí i kí ìyá rẹ̀ tó dé.

Ọjọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì wá tọrọ ìyàwó ni àkàrà tú sépo. Ìyá Àdìjátù gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó bi í bí òun àti Misturat ṣe pàdé. Ọ̀ṣẹ́nì, tí kò mọ̀ pé Misturat kò sọ ọ́ nílé, ro gbogbo rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ lo bo ọmọ mi lójú?"

"Àlejò ni mí nígbà yẹn, mà."

"Bó o bá fẹ́ Misturat, ṣé àlejò ni wàá máa jẹ́? Àna mi lo máa dà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run á ní ará ilé ló bò ó. Àdìjátù ti lọ, ọmọ rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Máa lọ, ọmọ mi. N ò bá ẹ jà. Máa lọ."

Misturat sin ín dé ìdí ọ̀kadà. Ó sọ ohun tí Dúró ń ṣe lọ́sàn-án fún un, omijé sì ń bọ́.

"Nígbà náà, jẹ́ kí n máa jẹ́ àlejò lọ," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Mo fẹ́ ọ ju ẹ̀mí mi lọ, Misturat. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọ ju ẹ̀mí ọmọ yẹn lọ." Ó lọ, kò sì padà wá.

Ẹ̀yin náà á rò pé ara ọmọ yóò yá. Kò yá. Ṣe ló ń le sí i, ó di ojoojúmọ́. Ọmọ náà rù, kò jẹun, aṣọ tí wọ́n bá sì ṣí lójú rẹ̀ yóò tutù lọ́wọ́ wọn bí ara àmù.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n rán Ọ̀ṣẹ́nì wá sí Ṣakí láti wá gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Misturat gbọ́, kò lọ wò ó. Lọ́jọ́ kan lọ́sàn-án gangan, ó bá Dúró ní yàrá tó jókòó ṣánṣán, tó fi ìborùn funfun ìyá àgbà bojú. Aṣọ náà ń wọlé, ó ń jáde, bí ọmọ náà ṣe ń mí. Misturat fà á, kò wá. Ìyá rẹ̀ sáré dé, ó ń ka Àyátù inú Kùránì, ó fà á, kò wá. Aṣọ lásán ni, kò so mọ́ nǹkan kan. Ìmí ọmọ náà sì ń fà sẹ́yìn.

"Lọ pe ọkùnrin yẹn," ìyá náà wí. "Àlejò ló bò ó, àlejò ni kó wá ṣí i."

Ọ̀kadà ló gbé Ọ̀ṣẹ́nì dé. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó na ọwọ́. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan aṣọ, ohùn kan sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ọmọdé. Ohùn tó ha díẹ̀ ni, ohùn tí Misturat ti bá dàgbà.

"Ta nìyẹn?"

Gbogbo irun ara Misturat dìde. Ọ̀ṣẹ́nì wo ìyá àgbà, ó rántí ohun tó sọ. "Àlejò ni mí," ó dáhùn.

Aṣọ náà kò mì mọ́. "Mi ò lè fi ọmọ mi sọ́wọ́ àlejò," ohùn náà wí. "Mo ti ń dúró látìgbà tó ti bò ó. N ó mú un lọ."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Misturat. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wá gbé ọmọ. Ó wá wo ẹni tí yóò gba ọmọ náà tọ́ ni, ọkùnrin tí ó sì rí, àwọn ará ilé ló lé e lọ. Ìyá rẹ̀ ló ké, ohùn rẹ̀ sì ya bí aṣọ:

"Àdìjátù! Ìyá ẹ ni o! Irọ́ ló ń pa, kì í ṣe àlejò! Ọkọ Misturat ni! Èmi Mùyìbátù ni mo fi ọmọ fún un, òun ni bàbá Dúró!"

Lẹ́yìn náà, aṣọ náà wọ ẹnu ọmọ, ó sì jáde. Ọ̀ṣẹ́nì ṣí i, ó sì wá láìfi agbára. Dúró sín, ó wo gbogbo wọn yíká.

"Ebi," ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Misturat bú sẹ́kún, ó gbá ọmọ mọ́ra, Ọ̀ṣẹ́nì sì gbá àwọn méjèèjì mọ́ra. Nígbà tí ara rọlẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú ìyá àgbà.

"Mà, inú ìbẹ̀rù lẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó o padà, n kò ní bínú."

Ìyá Àdìjátù nu ojú rẹ̀ nù. "Létí òkú ni mo ti sọ ọ́," ó ní. "Ta ni n ó kó o padà fún? Dìde, lọ wá oúnjẹ fún ọmọ ẹ."

Wọ́n so yìgì kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Misturat jókòó láàárín àwọn obìnrin, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ àfi ògiri. Àfáà bi í bóyá ó gbà Ọ̀ṣẹ́nì ní ọkọ.

"Mo gbà á," ni Misturat dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan láti ẹnu ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan létí ọ̀tún, ní ohùn tó ha díẹ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré. Kò wo ẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.