Ìbú Ìka Méjì

Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Aránṣọ, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀wù ìgbéyàwó rẹ̀ tí mo sì béèrè ìdí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi funfun ju ibi tó kù lọ.

Ó ní ọkùnrin kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù òun láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó mú ẹ̀wù iṣẹ́ funfun dání. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Oògùn kan ti jó ihò sí àpò ẹ̀wù náà. Àǹtí lẹ̀ ẹ́ fún un. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún mú òmíràn wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, Àǹtí wo ihò náà dáadáa, ó rí i pé abẹ ni wọ́n fi gé e.

Ó bi í pé, "Ṣé oògùn yín ti ń mú bí abẹ ni?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ̀wù mi ò ya mọ́, ojú yín ló sì ń wù mí í rí."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìyá ọkọ ni ìṣòro. Àǹtí sanra, ìyá ọkọ sì tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Ó ní ọmọ náà níwà, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kó ẹnu ara rẹ̀ níjàánu, ṣé ilé ló máa kó níjàánu? Kó yáa dín ara kù kí ọjọ́ tó pé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò ní dé ibi ìgbéyàwó náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àǹtí wọ egungun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo aṣọ tó bá rán fún oníbàárà ló máa ń fi ìbú ìka méjì pamọ́ sí nínú ojú rírán, torí ara èèyàn kì í dúró sójú kan. Nígbà tó kan ẹ̀wù ìgbéyàwó tirẹ̀, ó gé e kékeré, ó sì gé gbogbo èyí tó yẹ kó pamọ́ dànù, kí ọ̀nà àtitú u má baà sí. Ó wá fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ara rẹ̀ dín kù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wù náà kọ̀, kò kọjá ìbàdí. Òtútù ń mú un lójú oòrùn. Tí wọ́n bá ń dín nǹkan nílé kẹta, ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rán apá aṣọ mọ́ ọrùn, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì dákú lórí máṣíìnì.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló gbé e. Nígbà tó mu omi ọsàn tán, ó jẹ́wọ́. Ọkùnrin náà yí inú ẹ̀wù ìgbéyàwó síta, ó wá ojú rírán títí, kò rí nǹkan kan.

"Adé orí mi, o fi ìka méjì sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Tìrẹ dà?"

Àǹtí bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjánu ẹnu," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ló ń rán ìránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Lẹ́pítìnì là ń pè é. Á ní, 'Oúnjẹ wà nínú àká, ẹ jẹun níwọ̀n, ẹ máa lo ọ̀rá.' Tìrẹ ń kígbe, ọpọlọ ni kò gbọ́ dáadáa, bí ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ìwọ wá febi pa ara rẹ. Ohùn ìránṣẹ́ lọ sílẹ̀, ọpọlọ ní ìyàn ti mú. Ó fi kún ebi, ó sì ń ṣọ́ ọ̀rá tó kù bí ẹyin ojú."

"Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni?"

"Ó wà fún ìwọ̀nba àwọn tí ara wọn ò lè ṣe ìránṣẹ́ náà rárá. Ìwọ, máa jẹun, máa sùn, ká jọ máa rìn nírọ̀lẹ́. Bí o bá dín kù, ó dáa. Bí o kò bá dín kù, ìwọ náà ni mo fẹ́."

Ó ṣa ọ̀kan nínú àgékù ẹ̀wù ìgbéyàwó náà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi sí àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tí Àǹtí lẹ̀, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta, ìyá ọkọ dé ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ó ní ọmọ òun ti ro gbogbo ẹjọ́ ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ náà fún òun, òun ò sì rí oorun sùn. Ó ní nígbà tí òun wọlé ọkọ, àwọn àna òun ní ahun ni òun, pé torí òun ò fẹ́ kí oúnjẹ tán lòun ò ṣe sanra. Bẹ́ẹ̀ abọ́ òun ló máa ń kún jù nílé.

"Mo wá gba ẹnu wọn, mo fi bú ìwọ náà," ló wí.

Ó yọ aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì jáde. Ó ti mú àgékù tí ọmọ rẹ̀ mú wá kiri gbogbo ilé aláṣọ, ó ní èyí ló jọ ọ́ jù. "Rán ọ̀kan sọ́tùn-ún, rán ọ̀kan sósì. Bó hàn, kó hàn. Iwájú ni kẹ́ ẹ gbé àga tèmi sí lọ́jọ́ náà."

Àǹtí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà."

"Dìde, kó o lọ jẹun, ọmọ mi."

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó bọ́ sí ojú oòrùn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìyá ọkọ fi yà ní kọ̀rọ̀. Ìyá náà kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.