Ẹ̀gẹ́ Ọjọ́ Keje

Kọ̀ǹpútà Bushrah pòórá ní Ìlọrà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ ni Sájẹ́ǹtì Josephine tó dé láti Fìdítì. Ó bá ọmọbìnrin náà nídìí tábìlì òfìfo. Ṣájà ṣì wà lára ògiri.

Àwòrán tó ń rìn ni Bushrah máa ń fi kọ̀ǹpútà yà, yóò sì gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Èyí tó ń yà lọ́wọ́ ti da ìlú rú. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ló yà. Ó dé e ní fìlà Alàájì Mùtàlíbù, alága ìgbìmọ̀ omi. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà, omi kọ́ ni yóò jáde. Ojú ọmọ mẹ́rin ni yóò máa kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tí onígbáméjì pa nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́ tí gbogbo wọn ń mu omi odò. Fatihah, ọmọ Àsmá'ù, wà nínú wọn. Àsmá'ù ni ẹ̀gbọ́n Bushrah.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bushrah fẹ́ fi í han ìlú lórí aṣọ funfun ní pápá ilé ìwé.

"Ẹ bá mi wá a," ni Bushrah wí. "Àsmá'ù ta fóònù rẹ̀ ra oògùn ọmọ náà. Àwòrán Fatihah kan ṣoṣo tó kù, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi àti òun nìkan."

Àsmá'ù jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Josephine yẹ ilẹ̀kùn wò. Ẹnikẹ́ni kò já a. Irin wà lójú fèrèsé. Bushrah ní òun ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó pòórá.

Nígbà tí Josephine dé ọ̀dọ̀ Alàájì Mùtàlíbù, kò fi ìbínú rẹ̀ pa mọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà mẹ́ta nípa ẹ̀rọ náà, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

"Fìlà mi ló wá fi dé e. Ṣé fìlà mi ló pa ọmọ?"

"Ẹ lọ sílé wọn?"

"Lọ́jọ́ Ajé. Mo sọ fún ìyá wọn pé bí àwòrán yẹn bá jáde, n kò ní lè di àwọn ọ̀dọ́ mú. Wọ́n lè sun ilé."

"Ìhàlẹ̀ nìyẹn, Alàájì."

"Òótọ́ ni."

Ṣùgbọ́n láti ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti wà níbi ìsìnkú kan ní Akínmọ̀ọ́rìn. Josephine pe èèyàn méjì, àwọn méjèèjì jẹ́rìí sí i.

Ó padà sí Fìdítì lọ bá Olúfẹ́mi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó sì ń ra àlòkù. Olúfẹ́mi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá, bí abẹ́rẹ́ bá sọnù, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé ó mú ṣájà?"

"Rárá."

"Olè kọ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ tà á yóò mú ṣájà. Ẹni tó fẹ́ lò ó yóò mú un."

Josephine rò ó lórí ọ̀kadà títí ó fi dé Ìlọrà. Ẹni tí kò fẹ́ tà á, tí kò fẹ́ lò ó, tí kò sì já ilẹ̀kùn.

Àlàkẹ́, ìyá Bushrah àti Àsmá'ù, dúró ti dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láfún ló ń ṣe tà. Ẹ̀gẹ́ àwọn aládùúgbò ti funfun lórí àpáta nínú oòrùn. Ibi tí tirẹ̀ yẹ kó wà ṣófo.

"Màmá, ìgbà wo lẹ rẹ ẹ̀gẹ́ yìí?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Òní pé ọjọ́ méje. Láfún ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n máa ń kó o."

"Kò tíì rọ̀ ni."

Josephine mú ẹyọ kan. Ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí iṣu tó jinná jù. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ omi kíkan náà títí dé èjìká. Ohun pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀.

Bushrah ti jáde. Àsmá'ù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni," ni Àlàkẹ́ wí. "Nígbà tó wọ balùwẹ̀ ni mo gbé e. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti dá, n kò rí àyè yọ ọ́. Mo ti sin ọmọ-ọmọ. Alàájì ní wọ́n á sun ilé, ṣé kí n tún sin ọmọ ni? Mo bẹ Bushrah pé kó yọ fìlà bàbá yẹn kúrò. Ó ní òun lómìnira. Òmìnira. Ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣé òun ni yóò pa iná tí wọ́n bá dé?"

"Màmá," ni Bushrah wí, "Fatihah wà nínú ẹ̀."

"Fatihah wo?"

"Àwòrán rẹ̀. Òun nìkan ló kù."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Olúfẹ́mi tú kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ kejì. Omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ inú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣeé yọ. Josephine bi Bushrah bóyá yóò pe ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́. Bushrah ní rárá. Ó mú ìwé àti pẹ́ńsù, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Ẹ sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí fún mi."

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iwájú orí tó yọ. Eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Àpá kékeré lẹ́bàá etí. Bushrah yà á, ó gbé e fún Àsmá'ù.

Àsmá'ù wò ó pẹ́.

"Òun kọ́," ló wí.

Bushrah fa bébà náà ya. Ó ṣí òmíràn.

"Màmá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí."