Òkè Iná tí Ikram Fi Ẹ̀bà Mọ

"Irọ́ ni! Nàìjíríà ò ní òkè tó ń yọ iná!"

Jethro ló pariwo bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1992.

Inú bí Ikram. Irọ́ kẹ̀? Odidi àpò gàrí tí ìyá rẹ̀ rà ní Powis Street ló fi tẹ ẹ̀bà, tó mọ ọ́n ní ṣóńṣó ṣóńṣó, tó da epo pupa lé e bí iná tó ń ṣàn! Tíṣà ti ní kí kálukú mọ òkè iná kan wá; ẹni tó bá sì ṣe dáadáa jù ni yóò ṣojú kíláàsì níbi àfihàn ní Woolwich.

"Àwọn òkè Bíù nìyí," ó ní, "ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Òkúta yíyọ́ ló kọ́kọ́ ṣàn jáde, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tutù, ó di òkúta dúdú. Nígbà tó yá, ilẹ̀ tún bú gbàmù! Eérú àti òkúta fò sókè, wọ́n kó jọ di òkè ṣóńṣó. Omi kún ihò kan, ó di adágún Tìlá."

Òtítọ́ pọ́ńbélé! Ì bá ti jókòó níbẹ̀.

"Ṣé ó ń jó báyìí?" Jethro ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀bà lásán ni?"

"Ó ń jó! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sun abúlé ẹ̀gbọ́n dádì mi!"

Tíṣà gbójú sókè. "Ikram, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi lánàá pé ó ti sùn láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún? Èwo ni ká gbà? Jethro, ìwọ lo máa lọ sí Woolwich."

Jethro! Nínú gbogbo ènìyàn!

"Mummy, wọ́n rẹ́ mi jẹ!" ni Ikram fi wọlé.

Ìyá rẹ̀ wé gèlè. "Ta ni? Mú mi débẹ̀!" Àfi bó ṣe rí ohun tó wà nínú tíréè tí Ikram gbé dání. "Gàrí mi rèé?"

Ikram ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n dádì ẹ tó wà ní Ìjẹ̀bú? Ẹ̀bà òtítọ́ wà níwájú ẹ, o lọ fi irọ́ ṣe ọbẹ̀! Ó yá, bù ú jẹ, àtòkè àtadágún!"

Lọ́jọ́ kejì, Ikram dìde ní kíláàsì. "Òkè Bíù wà o! Àmọ́ kò sun abúlé kankan. Irọ́ ni mo pa níbẹ̀."

Jethro dorí kodò. "Èmi náà ò mọ̀ pé ó wà. Má bínú."

Síbẹ̀, Jethro náà ló lọ sí Woolwich. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ ti òtítọ́ lẹ́yìn, òtítọ́ gan-an ló tì ṣubú.